Oòrùn Ń Ràn Lórí Òrùlé Wa: Bí Àgbẹ̀ Ṣe Lè Fi Tan Iná Ilé Rẹ̀



Ọ̀rẹ́ wa kan wà tí ó ń sin adìyẹ ní ẹ̀yìn ìlú Ìlọrin. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, nígbà tí ọyẹ́ mú gan-an, ó kó igba ọmọ adìyẹ ọlọ́jọ́-kan wọlé. Gílóòbù iná mànàmáná ni ó gbé kọ́ sí òkè orí wọn kí ilé wọn lè móoru. Nígbà tí ó di bí aago mọ́kànlá alẹ́, iná lọ. Ó tan jẹnẹrétọ̀ kékeré rẹ̀, ó sì padà lọ sùn. Epo tí ó wà nínú jẹnẹrétọ̀ náà kò tó nǹkan. Lẹ́yìn wákàtí méjì ó tán, ẹnikẹ́ni kò sì mọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn ọmọ adìyẹ náà ti kó ara wọn jọ sí igun ilé, wọ́n gun ara wọn lórí, èyí tí ó kú nínú wọn sì ju àádọ́jọ lọ. Nígbà tí a lọ kí i, kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ohun tí ó wí ni pé òun kò mọ ìgbà tí iná lọ lẹ́ẹ̀kejì, nítorí pé òun gbà pé òun ti ṣe ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe.

A kò sọ ìtàn yìí láti fi dá a lẹ́bi. Ohun tí ó ṣe é ń ṣe ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wa lójoojúmọ́, bí kò tilẹ̀ jẹ́ ti ọmọ adìyẹ. Ti ẹlòmíràn jẹ́ ti ẹja tí ó bàjẹ́ nínú firísà, ti ẹlòmíràn jẹ́ ti oògùn àjẹsára tí ó gbóná kí ó tó lò ó fún ẹran ọ̀sìn rẹ̀, ti ẹlòmíràn sì jẹ́ ti ọmọ tí ó fẹ́ kàwé fún ìdánwò ṣùgbọ́n tí kò rí ìwé. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lórí agbára oòrùn, èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní sólà, àti lórí bí a ṣe ń múra sílẹ̀ de ìgbà tí iná kò ní sí. Ọ̀rọ̀ kejì yìí ṣe pàtàkì tó èkíní, nítorí pé ẹni tí ó ra sólà tí kò sì múra sílẹ̀, òkùnkùn yóò tún bá a lójijì.

Iná ìjọba àti jẹnẹrétọ̀

Láti ọdún 1896 ni iná mànàmáná ti kọ́kọ́ tàn ní Èkó. Ní ọdún 1968 ni ìdídò Kàìnjì bẹ̀rẹ̀ sí í fún wa ní iná, nígbà tí ó sì di ọdún 1972, ìjọba dá NEPA sílẹ̀ láti máa bójú tó iná ní gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà. NEPA ti di ohun àtijọ́. Orúkọ rẹ̀ yí padà ní ọdún 2005, àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni sì gba pípín iná fún ará ìlú ní ọdún 2013. Síbẹ̀síbẹ̀, bí iná bá lọ lálẹ́ òní, ọmọ tí a bí lẹ́yìn ọdún náà yóò ṣì pariwo pé ‘NEPA ti mú iná lọ.’ Orúkọ yí padà, ṣùgbọ́n ẹkún kò yí padà.

Kì í ṣe ìwà burúkú ẹnìkan ni ó ń fa gbogbo rẹ̀. Ìlà ńlá kan ṣoṣo ni ó so gbogbo ibùdó tí ń pèsè iná pọ̀ mọ́ àwọn ìlú, bí nǹkan pàtàkì bá sì bàjẹ́ ní ibì kan, gbogbo rẹ̀ lè wó lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà ní ọdún 2024. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, wáyà ńlá tí ń gbé iná lọ sí ìhà Àríwá bàjẹ́, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ní ìhà ibẹ̀ sì wà nínú òkùnkùn fún ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Àwọn ará ilé wa tí ń ṣòwò ní Kánò àti Kàdúná rántí rẹ̀ dáadáa. Àwọn tí wọ́n ní firísà ẹja rántí rẹ̀ ju gbogbo wọn lọ.

Ní ti jẹnẹrétọ̀, kò sí ẹni tí yóò sọ pé kò ràn wá lọ́wọ́. Kékeré tí àwọn ènìyàn fi ṣe yẹ̀yẹ́ pè ní ‘I better pass my neighbour’ ti tan iná ìsọmọlórúkọ àti ti ìsìnkú fún wa. Ṣùgbọ́n láti oṣù karùn-ún ọdún 2023, nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ kúrò lórí epo, ohun tí a ń rà ní nǹkan bí 200 náírà lítà kan fò sókè kọjá 500, nígbà tí ó sì máa fi di òpin ọdún 2024, ó ti tó 1,000 náírà ní ọ̀pọ̀ ibi. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kan. Bí jẹnẹrétọ̀ yín bá ń mu lítà mẹ́ta ní alẹ́ kan, tí ẹ sì ń ra lítà ní 1,000 náírà, 3,000 náírà nìyẹn ní alẹ́, 90,000 ní oṣù, ó sì lé ní mílíọ̀nù kan náírà ní ọdún kan. A kò tíì ka ti ọ́ìlì, ti púlọ́ọ̀gì, àti ti mẹkáníìkì. Ẹ fi iye tí ẹ ń ra epo ní agbègbè yín ṣe ìṣirò ti yín, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé, nítorí pé a óò tún padà sórí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ju ti owó lọ. Èéfín jẹnẹrétọ̀ ní afẹ́fẹ́ olóró kan nínú tí kò ní òórùn, tí kò sì ní àwọ̀. Ẹni tí ó bá sùn sí ibi tí ó ti ń fẹ́ kò ní jí. Ẹ má ṣe gbé jẹnẹrétọ̀ sínú ilé, sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, tàbí sí abẹ́ fèrèsé, ì báà jẹ́ nítorí òjò, ì báà jẹ́ nítorí olè. Olè yóò kó ẹrù ni. Èéfín yóò kó gbogbo ilé.

Ohun tí sólà jẹ́

Pánẹ́ẹ̀lì sólà jẹ́ awo pẹlẹbẹ tí a fi ohun kan tí ó ti ara iyanrìn wá ṣe. Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá bà lé e, agbára iná a máa sàn jáde lára rẹ̀. Ẹ kíyèsí i pé ìmọ́lẹ̀ ni a wí, a kò wí pé ooru. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí oòrùn bá ṣe ń jó ni tó ni iná yóò ṣe pọ̀ tó, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀: bí pánẹ́ẹ̀lì bá gbóná jù, agbára rẹ̀ a máa dín kù. Ìdí nìyí tí a kò fi gbọdọ̀ tẹ́ ẹ mọ́ páànù òrùlé. Ẹ jẹ́ kí àlàfo tí ó tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan wà láàárín rẹ̀ àti páànù, kí afẹ́fẹ́ lè máa gba abẹ́ rẹ̀ kọjá.

Iná tí pánẹ́ẹ̀lì mú wá kì í lọ tààrà sínú bátìrì. Ẹ̀rọ kékeré kan wà láàárín wọn, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní ‘charge controller’, tí ó ń ṣọ́ bátìrì kí ó má baà mu àmujù. Bátìrì ni ó ń tọ́jú iná náà di alẹ́. Ìnfátà sì ni ó ń yí iná bátìrì padà sí irú èyí tí fáànù, tẹlifíṣọ̀n àti firísà ń lò. Lónìí, a máa ń rí ìnfátà tí ó ní ‘charge controller’ nínú, èyí kò sì burú.

Ẹ ka ohun tí ẹ ń lò kí ẹ tó ná owó

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jùlọ ni pé kí ènìyàn kó owó lọ sí ọjà kí ó sì béèrè pé, ‘Èló ni sólà?’ Ó dà bí ẹni tí ó lọ bá oníṣòwò tí ó sì béèrè pé èló ni ajílẹ̀, láìmọ̀ bóyá éékà kan ni òun fẹ́ fi í sí tàbí éékà ogún. Ilé ni a ti ń bẹ̀rẹ̀. Lára ohun èlò kọ̀ọ̀kan, a máa ń kọ iye wáàtì rẹ̀ sí ẹ̀yìn tàbí sí ìsàlẹ̀. Ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú iye wákàtí tí ẹ fi ń lò ó lójúmọ́, ohun tí ẹ óò rí ni wáàtì-wákàtí.

Ẹ jẹ́ kí a wo ilé àgbẹ̀ kan tí kò tóbi jù. Gílóòbù mẹ́fà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ wáàtì 9, tí a ń tàn fún wákàtí 5, jẹ́ 270. Tẹlifíṣọ̀n wáàtì 60 fún wákàtí 4 jẹ́ 240. Fáànù méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ wáàtì 60, fún wákàtí 8, jẹ́ 960. Fóònù gbogbo ará ilé kò ju 40 lọ. Firísà kékeré lè jẹ 1,000 láàárín òru àti ọ̀sán. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 2,510. Ṣùgbọ́n díẹ̀ a máa ṣòfò nínú wáyà, nínú bátìrì àti nínú ìnfátà, bí omi ṣe ń jò nínú agbè. Nítorí náà ẹ fi 0.7 pín in, yóò di nǹkan bí 3,600.

Báwo ni a ó ṣe wá mọ iye pánẹ́ẹ̀lì? Bí oòrùn tilẹ̀ ń ràn láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, agbára rẹ̀ kò dọ́gba. Tí a bá kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó jẹ́ bí wákàtí oòrùn kíkún mẹ́rin sí márùn-ún lóòjọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ní Ìbàdàn tàbí Òṣogbo, ó sì lè lọ sílẹ̀ di mẹ́ta tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ ní oṣù keje àti oṣù kẹjọ. Ní Zaria àti Kánò, ó máa ń tó márùn-ún sí mẹ́fà. Bí a bá fi mẹ́rin pín 3,600, yóò jẹ́ 900, èyí tí í ṣe pánẹ́ẹ̀lì mẹ́ta oníwáàtì 300. Bí a bá sì fi mẹ́ta ti ìgbà òjò pín in, yóò jẹ́ 1,200, pánẹ́ẹ̀lì mẹ́rin nìyẹn. Ìmọ̀ràn tiwa ni pé kí ẹ fi ti ìgbà òjò ṣe ìwọ̀n. Àwọn tí ń tajà a máa fi ti ẹ̀ẹ̀rùn ṣírò rẹ̀ kí owó rẹ̀ lè kéré létí oníbàárà, nígbà tí òjò bá sì dé ni ẹjọ́ yóò bẹ̀rẹ̀.

Ní ti bátìrì, ohun tí a óò lò ní alẹ́ nìkan ni ó kàn án. Nínú ilé tí a wí yìí, ó tó nǹkan bí 2,000, pẹ̀lú òfò ìnfátà ó di 2,200. Bátìrì olómi-ásíìdì kò fẹ́ kí a lò ó kọjá ìdajì kí ó tó tún mu iná. Ẹni tí ó bá ń lò ó dé ìsàlẹ̀ lójoojúmọ́ yóò pa á kí ọdún méjì tó pé. Bátìrì fóòtì 12 tí a kọ 200Ah sí lára gba 2,400. Nítorí náà méjì ni a nílò, kí a lè máa lo ìdajì 4,800. Bí ó bá jẹ́ ti lítíọ́mù, a lè lo mẹ́rin nínú ìdá márùn-ún rẹ̀ láìsí ewu, nítorí náà ẹyọ kan tí ó gba 3,000 ti tó. Lítíọ́mù wọ́n jù ní ọjọ́ tí a ń rà á, ṣùgbọ́n ó lè lo bí ọdún mẹ́wàá, nígbà tí olómi-ásíìdì kì í sábà kọjá ọdún mẹ́ta sí márùn-ún. Ẹni tí ó bá lè rí owó rẹ̀ kó jọ, lítíọ́mù ni àwa yóò gbà á níyànjú láti rà.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun kan nínú ìṣirò yìí. Bí àwọn gílóòbù mẹ́fà náà bá jẹ́ irú ti àtijọ́, oníwáàtì 60, ohun tí wọn yóò jẹ ní wákàtí márùn-ún jẹ́ 1,800 dípò 270. Nítorí náà pánẹ́ẹ̀lì tí ó dín owó jù ni èyí tí ẹ kò rà rárá, nítorí pé ẹ ti kọ́kọ́ pààrọ̀ gílóòbù. Ohun tí ń mú nǹkan gbóná ni ọ̀tá sólà: áyọ́ọ̀nù, kẹ́tùlù, ààrò oníná. Áyọ́ọ̀nù oníwáàtì 1,000 tí a fi lọ aṣọ fún wákàtí kan jẹ iná tí fáànù kan lè fi fẹ́ wa ju wákàtí mẹ́rìndínlógún lọ. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ lọ aṣọ, ọ̀sán gangan ni kí ẹ lọ̀ ọ́, nígbà tí oòrùn wà lókè.

Firísà tún ní ìwà kan. Nígbà tí mọ́tò inú rẹ̀ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó máa ń já iná gbà ní ìlọ́po mẹ́ta sí márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìnfátà tí kò bá lè gbé e yóò kú pii, gbogbo ilé yóò sì ṣókùnkùn. Fún ilé tí a fi ṣe àpẹẹrẹ, ìnfátà 1.5 kVA yóò gbé e láìmí gúlegúle. Ẹ sì rí i dájú pé irú èyí tí wọ́n kọ ‘pure sine wave’ sí lára ni. Èyí tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ a máa mú kí fáànù kùn, a sì máa ba mọ́tò firísà jẹ́.

Bí a ṣe ń mọ ayédèrú

Ayédèrú pọ̀ lọ́jà, kì í sì í ṣe gbogbo ẹni tí ń tà á ni ó mọ̀ pé ayédèrú ni. Wọ́n lè lẹ ìwé 300 mọ́ pánẹ́ẹ̀lì tí kò ju 150 lọ. A ó kọ́ yín ní ọgbọ́n kan tí kò ná yín ní ju okùn ìwọ̀n àwọn télọ̀ lọ. Ẹ wọn gígùn pánẹ́ẹ̀lì náà àti ìbú rẹ̀ ní mítà, kí ẹ sọ wọ́n di púpọ̀ pẹ̀lú ara wọn, kí ẹ sì tún sọ ohun tí ẹ rí di púpọ̀ pẹ̀lú 200. Iye wáàtì tí ó lè mú jáde kò lè jìnnà sí èyí. Èyí tí ó dára jùlọ lọ́jà lónìí kò ju nǹkan bí 250 lọ fún mítà kan níbùú lóròó. Nítorí náà, bí pánẹ́ẹ̀lì kan bá gùn ní mítà kan tí ó sì fẹ̀ ní ìdajì mítà, tí ẹni tí ń tà á sì búra pé 200 ni, ẹ kí i, kí ẹ sì máa lọ.

Bátìrì mọ́tò kò dára fún iṣẹ́ yìí. A ṣe é láti fi agbára púpọ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan láti jí ẹ́ńjìnnì, kì í ṣe láti máa tú iná sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti alẹ́ dé òwúrọ̀. Bátìrì tòkunbọ̀ burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àgbà tí ó ti lo ọjọ́ rẹ̀ níbòmíràn ni, ẹ kò sì mọ iye tí ó kù fún un.

Ibi tí a ó gbé e sí

Nítorí pé gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà wà ní apá àríwá ìlà tí ó pín ayé sí méjì, gúúsù ni ó yẹ kí pánẹ́ẹ̀lì kọjú sí. Kí ó dagun díẹ̀: bí ó bá gùn ní mítà kan, kí etí rẹ̀ ti òkè fi nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 20 ga ju ti ìsàlẹ̀ lọ. Bí òjò bá rọ̀, omi yóò fọ eruku rẹ̀ lọ. Kí òjìji igi kankan má ṣe bà á láàárín aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ sí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Àwọn pánẹ́ẹ̀lì tí a so pọ̀ dà bí àwọn tí wọ́n jọ ń fa okùn kan. Bí òjìji ẹ̀ka máńgòrò kan bá bo ọ̀kan, ó lè fa gbogbo wọn sẹ́yìn. Kí ẹ tó gbé wọn sókè, ẹ jẹ́ kí káfíńtà wo igi òrùlé bóyá ikán ti jẹ ẹ́. Kí oníṣẹ́ sì ri irin ìlẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa nítorí ààrá.

Nígbà ọyẹ́, eruku a máa bo pánẹ́ẹ̀lì, pàápàá ní ìhà Àríwá, a sì máa jí iná jẹ láìjẹ́ pé a mọ̀. Ẹ fi omi lásán àti aṣọ rírọ̀ nù ún ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì. Òwúrọ̀ kùtùkùtù ni kí ẹ ṣe é. Omi tútù tí a dà sórí rẹ̀ ní ọ̀sán gangan lè mú kí dígí rẹ̀ sán.

Bátìrì kò gbọdọ̀ wà nínú yàrá tí a ń sùn. Irú ti olómi-ásíìdì a máa tú afẹ́fẹ́ tí iná lè ràn mọ́ sílẹ̀ nígbà tí ó bá ń mu iná. Ẹ gbé e sórí pákó, ní ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́, tí oòrùn kì í pa á, tí ọwọ́ ọmọdé kò sì tó. Omi tí a yọ iyọ̀ rẹ̀ kúrò, èyí tí wọ́n ń tà fún bátìrì, nìkan ni a ń dà sí i. Ẹ má ṣe da omi kànga sí i. Bí ásíìdì bá ta sí ojú, omi púpọ̀ ni kí a fi fọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀, kí a sì máa fọ̀ ọ́ títí a ó fi dé ọ̀dọ̀ dókítà.

Nínú oko àti ilé ẹran

Bí ẹ bá bi wá léèrè ohun tí àgbẹ̀ yẹ kí ó kọ́kọ́ fi sólà ṣe, omi ni a óò dárúkọ. Ẹ̀rọ fífa omi wà tí a lè so mọ́ pánẹ́ẹ̀lì tààrà, láìsí bátìrì rárá. Bí oòrùn bá ti là, yóò máa fa omi. Bí oòrùn bá wọ̀, yóò dúró. Táǹkì tí ó wà lókè ni ó di bátìrì wa, a kì í sì í pààrọ̀ táǹkì ní ọdún mẹ́ta mẹ́ta. Láti fa 1,000 lítà omi láti inú kànga tí ó jìn ní 20 mítà kò gbà ju wáàtì-wákàtí 150 sí 200 lọ, èyí tí kò tó ohun tí áyọ́ọ̀nù ń jẹ ní ìdá mẹ́rin wákàtí kan. Ẹni tí ó ń gbin tẹ̀tẹ̀, ata àti tòmátì sí àkùrọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn yóò rí i pé ìgbà tí oòrùn mú jù, tí òǹgbẹ ń gbẹ ohun ọ̀gbìn jù, gan-an ni omi ń pọ̀ jù.

Ní ti ọmọ adìyẹ, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, wọ́n nílò ooru tí ó tó dìgírì 32 sí 35, a sì ti wí pé ooru ni ọ̀tá sólà. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta bátìrì ńlá fún yín nítorí àti fi gílóòbù mú adìyẹ móoru. Èédú tàbí sítóòfù kẹrosíìnì tí a ṣọ́ dáadáa, tí èéfín rẹ̀ sì rí ọ̀nà jáde, ni kí ó ṣe iṣẹ́ ooru; kí sólà ṣe iṣẹ́ ìmọ́lẹ̀. Gílóòbù oníwáàtì 9 méjì tí ó ń tàn ní gbogbo òru kò jẹ ju 220 lọ, adìyẹ yóò sì rí oúnjẹ àti omi rẹ̀. Bákan náà, firíìjì kékeré lè pa oògùn àjẹsára mọ́ sí ìwọ̀n dìgírì 2 sí 8 tí ó ń fẹ́.

Nígbà tí oòrùn náà bá kọ̀

Ọjọ́ kan ń bọ̀ nínú oṣù kẹjọ tí òjò yóò ṣú fún ọjọ́ mẹ́ta, tí pánẹ́ẹ̀lì kò ní mú tó ìdá mẹ́ta iná rẹ̀ wá. Ẹ ti pinnu ohun tí ẹ óò pa kí ọjọ́ náà tó dé. Ẹ sọ fún oníṣẹ́ iná kí ó pín wáyà ilé sí ọ̀nà méjì: ọ̀kan fún ohun tí kò gbọdọ̀ kú, bí iná ilé adìyẹ, gílóòbù yàrá kan, fóònù àti firíìjì oògùn, èkejì fún fáànù, tẹlifíṣọ̀n àti ìyókù. Bí bátìrì bá ti ń lọ sílẹ̀, ọwọ́ kan ṣoṣo ni ẹ óò fi pa ọ̀nà kejì. Kí gbogbo ará ilé mọ súìtì náà, kì í ṣe baálé nìkan. Ìyá àwọn ọmọ ni ó sábà máa ń wà nílé nígbà tí ó bá ṣẹlẹ̀.

Firísà tí ó kún tí a kò sì ṣí lè pa ohun tí ó wà nínú rẹ̀ mọ́ fún bí ọjọ́ méjì láìsí iná. Èyí tí kò kún ju ìdajì lọ, bí ọjọ́ kan. Firíìjì lásán kò ju wákàtí mẹ́rin lọ. Nítorí náà, bí firísà yín kò bá kún fún ẹja, ẹ fi ìgò omi kún un. Bí iná bá lọ, omi dídì náà yóò máa tu ẹja nínú.

Ẹ má ṣe tà jẹnẹrétọ̀ yín. Ẹ fi í sílẹ̀ fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, kí ẹ máa tàn án fún ìṣẹ́jú díẹ̀ lóṣooṣù kí ó má baà dákú. Ṣùgbọ́n kí súìtì ìyípadà, tí a ń pè ní ‘changeover’, wà láàárín rẹ̀, ìnfátà àti iná ìjọba. Ẹni tí ó bá kàn ki wáyà jẹnẹrétọ̀ bọ ihò iná ilé ń rán iná jáde sórí òpó, òṣìṣẹ́ tí ó gùn ún láti tún un ṣe, tí ó rò pé iná kò sí, yóò sì kú síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó

Ẹ mú ìwé tí ẹ kọ ìṣirò epo sí jáde wàyí. Ẹ fi iye tí ẹ ń ná lórí epo ní ọdún kan wé iye tí wọn yóò sọ fún yín ní ọjà. Lọ́pọ̀ ilé, owó epo ọdún méjì tàbí mẹ́ta máa ń sún mọ́ ọn, pánẹ́ẹ̀lì tí ó dára sì lè ṣiṣẹ́ fún ọdún 25, bí agbára rẹ̀ tilẹ̀ ń dín kù díẹ̀díẹ̀. Síbẹ̀, owó àkọ́kọ́ pọ̀. A kò gbà yín níyànjú láti fi oko kòkó dógò tàbí láti yá owó èlé gọbọi nítorí rẹ̀. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ ní kékeré: pánẹ́ẹ̀lì kan, bátìrì kan, gílóòbù mẹ́rin àti fóònù, kí ẹ sì fi kún un lẹ́yìn ìkórè. Bí ẹ bá ti mọ̀ pé ẹ óò fi kún un, ẹ ra ìnfátà tí ó lè gbà á láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lè rà á pọ̀, ẹni mẹ́wàá tí ó jọ lọ sí ọjà a máa rí ẹ̀dínwó tí ẹnìkan kì í rí, wọ́n sì lè jọ san owó oníṣẹ́ kan tí yóò máa wá wo ti gbogbo wọn. Kí ẹ gba ìwé ẹ̀rí tí ó sọ iye ọdún tí wọn yóò fi tún un ṣe bí ó bá bàjẹ́, kí orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tí ó tà á sì wà nínú rẹ̀.

Ọ̀rẹ́ wa ti Ìlọrin ní pánẹ́ẹ̀lì méjì lórí ilé adìyẹ rẹ̀ báyìí. Kò fi mú wọn móoru. Ìkòkò èédú mẹ́ta ni ó ń ṣe ìyẹn. Ó fi agogo kékeré kan sí iyàrá tirẹ̀ tí ó máa ń dún bí iná ilé adìyẹ bá kú, nǹkan tí oníṣẹ́ rédíò kan ní àdúgbò bá a ṣe láti inú ohun àlòkù. Àtùpà kẹrosíìnì kan sì wà lórí ìṣó lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó máa ń wo epo inú rẹ̀ ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú.